Òṣòdì Òkè, Òṣòdì Ìsàlẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ wọ dánfó láti Ìsọlọ̀ lọ sí Òṣòdì, ohun àkọ́kọ́ tí kọ́ńdọ̀ máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé Òṣòdì kì í ṣe ọ̀kan. "Òṣòdì Òkè! Òṣòdì Òkè, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ní Ìsàlẹ̀ lòun ń lọ. Àlejò tí kò mọ̀ á wọ èyí tó bá kọ́kọ́ rí, ìgbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ tán ló máa tó mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Òkè ni orí afárá, níbi tí títì márosẹ̀ tó ń bọ̀ láti Àpápá ti ń kọjá lọ sí Gbàgàdà àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ojú irin àti ọ̀nà Agége, níbi tí ọjà, ọkọ̀, agbèrò àti èrò ti ń fara gbún ara wọn látàárọ̀ dalẹ́.

Àwa ọmọ Ìsọlọ̀ tá a ń gba ibẹ̀ lọ síléèwé nígbà ìjọba Fáṣọlá, a mọ ohun kan nípa Òkè tí kọ́ńdọ̀ kì í sọ: láti ibẹ̀ lèèyàn ti lè rí ọgbà. Tá a bá gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tá a sì fara ti irin rẹ̀, a ó rí i nísàlẹ̀: koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí irun ọmọ iléèwé, òdòdó tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà, igi ọ̀pẹ òyìnbó tó tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ṣọ́jà. Ó rẹwà. Ká má parọ́, ó rẹwà gan-an. Àmọ́ tá a bá sọ̀ kalẹ̀, ẹwà náà á pòórá. Nísàlẹ̀, irin ni, ewé ni, eruku ni, ìlà tá a rí lókè ò sì hàn síni mọ́. Ó pẹ́ kó tó yé wa pé kì í ṣe ojú wa ló ń tàn wá. Wọn ò ṣe ọgbà yẹn fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi ìrókò, kò lè rí i. A ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ti Òṣòdì, ó jọ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ti sọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́, tàbí ohun tó yẹ kó dà, látorí igi ìrókò ni wọ́n ti wò ó. Ìtàn àwọn tó wò ó látòkè la fẹ́ sọ, àti ohun tí wọ́n rò pé àwọn rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Òṣòdì Tápà ni wọ́n fi sọ àdúgbò yìí. Ọmọ Núpé ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Tápà. Landuji ni orúkọ tó bá wá láti ilé. Ẹrú ni nígbà tó dé Èkó, ó sì dàgbà di olórí ogun Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá ọkọ̀ ogun lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ ní 1851, Òṣòdì bá ọba rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. 1862 ni wọ́n tó padà wá, ibi tí Òṣòdì àtàwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó la sì ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dòní. Ó kú ní 1868. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ kí wọ́n lé èèyàn kúrò níbì kan, kó lọ tún ibòmíì ṣe, ti wà nínú orúkọ Òṣòdì tipẹ́tipẹ́ kí katapílà kankan tó débẹ̀.

Ojú irin ló sọ ọ́ di ohun tó dà. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rélùwéè láti Èkó, nígbà tó sì máa fi di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Ìbàdàn. Òṣòdì wà lójú ọ̀nà yẹn. Ibi tí rélùwéè bá ti dúró, ẹni tó ń ta ẹ̀pà á dúró. Ibi tí ẹlẹ́pà bá dúró sí, oníyán ò ní jìnnà. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, títì márosẹ̀ àti afárá ńlá dé. Ní 1979, wọ́n ṣí ibùdó tuntun ní pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi orúkọ Murtala Muhammed sọ, kò sì ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Òṣòdì. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ọ̀nà mọ́tò, ọ̀nà bàálù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta forí korí. Ọjà tó bá bọ́ sí oríta báyìí, ta ló fẹ́ ní kó má kún?

Ó kún. Ó kún débi pé ojú irin gan-an di ìsọ̀. Àwọn ìyá àtàwọn ọmọ ń tẹ́ aṣọ, bàtà, ata àti ẹja sáàárín irin méjèèjì. Tí ọkọ̀ ojú irin bá fun fèrè, wọ́n á ká a nílẹ̀ wéréwéré, ọkọ̀ á kọjá, wọ́n á tún tẹ́ ẹ padà kí èéfín rẹ̀ tó lọ. Ọ̀nà Agége tó yẹ kí mọ́tò mẹ́ta lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ló kù, ìyẹn náà, pẹ̀lú àdúrà. Ẹni tó bá sọ pé Òṣòdì ìgbà yẹn dùn gbẹ́dẹ́, ẹ bi í bóyá ó ti kọjá níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ rí. Báàgì ò lè wà lẹ́yìn, iwájú ni wọ́n ń gbé e sí. Àwọn màmá wa máa ń di owó mọ́ etí aṣọ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Àsìkò yìí ni òyìnbó ayàwòrán-ilé kan, Rem Koolhaas, ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì tó ń kọ́ni ní Harvard, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sí Èkó. Àsìkò ìjọba Ọbásanjọ́ ni. Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ìlú láti inú mọ́tò, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Nígbà tó yá, Koolhaas rí hẹlikópítà ààrẹ lò, ó wá wo Èkó látojú sánmà. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Ohun tó jọ ìdọ̀tí àti ìjà nílẹ̀, ó ní látòkè, ètò ni: ìlà wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀, èèyàn ń ṣètò ara wọn láìsí ìjọba. Wọ́n ṣe fíìmù nípa ìrìnàjò náà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn pé ẹnì kan lókè òkun gbà pé Èkó ní làákàyè. Àwọn mìíì bínú. Matthew Gandy, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 2005 pé ojú tó ń wò látòkè yẹn ò rí ìtàn, kò rí ìjọba tó pa ìlú tì, kò sì rí ìyà.

Ní tiwa, a gbà pé ohun tí Koolhaas rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ètò wà ní Òṣòdì: ẹni tó ń ta bàtà mọ ibi tí tiẹ̀ parí sí, ìyálọ́jà wà, owó ilẹ̀ wà, ìjà ààlà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú hẹlikópítà ò ní gbọ́ òórùn. Ó sọ ọjà di ọgbà, ó ń wo ìlà òdòdó níbi tí ìyá kan ti ń sáré kó tòmátì nítorí ọkọ̀ ojú irin.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíì tún wò ó, igbó lòun rí. Babátúndé Rájì Fáṣọlá di gómìnà Èkó ní oṣù Èbìbí 2007. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2009, ìjọba kó katapílà àti àwọn agbófinró wọ Òṣòdì, wọ́n wó ìsọ̀ àti àgọ́ tó wà lójú ọ̀nà àti létí ojú irin. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ò dá ibẹ̀ mọ̀. Títì fẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á. Ìrìn tó ń gba wákàtí kan di ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀pọ̀ ará Èkó pàtẹ́wọ́, àwọn òbí tiwa náà wà lára wọn, báàgì sì padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan náà, àìmọye ìdílé tó ń jẹun láti orí àtẹ ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n gbin koríko. Bí ọgbà tá à ń sọ ṣe dé nìyẹn. Kì í ṣe Òṣòdì nìkan. Káàkiri Èkó ni, abẹ́ afárá, oríta, àárín títì, ibi tí oníṣòwò bá ti kúrò, òdòdó á dé. Ní 2011, wọ́n ṣòfin tó dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọgbà àti òdòdó ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá rántí Èkó ṣáájú ìgbà yẹn máa mọ̀ pé ara tù wá. Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò bá wa sọ: koríko yẹn ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Ilẹ̀ tó bá ṣófo ní Òṣòdì, kó tó di alẹ́, ẹnì kan á ti tẹ́ nǹkan sí i. Àmọ́ ilẹ̀ tó bá ní òdòdó, ti ìjọba ni. Ẹni tó bá gbé àtẹ síbẹ̀ ò lè sọ pé òun ò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, èdè wa ti sọ ọ́ tipẹ́. Kí ni ọgbà? Ohun tí wọ́n fi yí nǹkan ká ni. Ọgbà òdòdó, ọgbà iléèwé, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Yorùbá ò fi òdòdó sọ ọgbà lórúkọ, ohun tó há a mọ́ ló fi sọ ọ́.

Kí ẹ má bàa rò pé Èkó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká yà sí Faransé díẹ̀. Ọgbà tó lókìkí jù lágbàáyé nínú irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní ìlà-ìlà ni ti Versailles, tí André Le Nôtre bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀ fún Ọba Louis kẹrìnlá ní nǹkan bí 1661. Wọ́n gé ewéko kúkúrú sí ìrísí iṣẹ́ ọnà tó lọ́ mọ́ra, ó dà bí aṣọ tí wọ́n kó iṣẹ́ sí lára. Ẹni tó bá dúró sáàárín rẹ̀ ò ní mọ ohun tí wọ́n yà. Ojú fèrèsé òkè ààfin lèèyàn ti ń rí i. Ọba náà fúnra rẹ̀ kọ ìwé kékeré tó ń sọ fún àlejò ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti máa dúró, ohun tó máa wò tó bá dúró. Nígbà tí ọba bá ń rìn nínú ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ á máa súfèé síra wọn kí wọ́n lè ṣí omi orísun tó wà níwájú rẹ̀, torí omi ò tó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, torí a ti rí ọkọ̀ tó ń fún òdòdó lómi létí títì nínú ọyẹ́ rí, tí àwọn tó ń wò ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo dání.

Ohun tó kàn wá jù níbẹ̀ ni abúlé kan tó ń jẹ́ Trianon. Ó wà létí ọgbà yẹn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àtàwọn ará rẹ̀. Ọba ra ilẹ̀ náà, wọ́n wó abúlé, ní 1670 wọ́n kọ́ ilé fàájì kékeré kan síbẹ̀ fún un, wọ́n sì fi òdòdó yí i ká. Àwọn tó ń ṣèbẹ̀wò ń ya fọ́tò níbẹ̀ lónìí. Orúkọ abúlé yẹn ló kù.

Ọba tiwa ńkọ́? Ààfin Yorùbá ní ọgbà, ó sì máa ń tóbi. Afọlábí Òjó, onímọ̀ nípa ilẹ̀, kọ odindi ìwé kan nípa àwọn ààfin wa ní 1966. Ilẹ̀ gbalasa wà lẹ́yìn ààfin, igbó wà nínú ògiri rẹ̀, níbi tí ewé oògùn ti ń hù, tí wọ́n ti ń ṣètùtù. Ṣùgbọ́n inú àgbàlá lèèyàn ti ń wò ó, ẹsẹ̀ nílẹ̀. Kò sí òkè tí wọ́n fẹ́ ti wò ó! Pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì, 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá gun igi láti yọjú wo inú ààfin ọba, ẹ ẹ̀ ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọgbà ti òyìnbó kọ́kọ́ ṣe fún ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wa pàápàá, kì í ṣe fún ìwòran. Ní 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìjọba kan sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ojú irin Òṣòdì ti ń bọ̀. Irúgbìn ni wọ́n ń tọ́ níbẹ̀, kòkó, kọfí, rọ́bà, kí àgbẹ̀ lè mú un lọ sóko, kí owó sì lè wọlé fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ pè é ní ìwà ìmúnisìn, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ọwọ́ èèyàn ń dé ibẹ̀, ohun tí wọ́n gbìn ń jáde.

Òdòdó Òṣòdì ò pẹ́ tó òdòdó Versailles. Fáṣọlá lọ ní 2015, Akínwùmí Ambọ̀dé dé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2016, ọdún méje àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, katapílà tún wọ Òṣòdì. Ọjà Ówóǹífarí ló kàn lọ́tẹ̀ yìí. Ìjọba ní kí àwọn oníṣòwò kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pákòdówò ní Bọ́ládé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àyè ibẹ̀ ò lè gba àwọn. (Ẹ wo orúkọ ọjà méjèèjì, ẹ wò ó bóyá ẹni tó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ ò mọ ohun tó ń bọ̀.) Ní ọjọ́ 24 oṣù Igbe 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Òṣòdì, ilé mẹ́ta onípẹ́tẹ́ẹ̀sì tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ so pọ̀ mọ́ra lójú òfuurufú. Àwòrán tí wọ́n fi polówó rẹ̀ káàkiri, èyí tí dróònù yà ló pọ̀ jù: òrùlé tó ń dán, títì tó mọ́, bọ́ọ̀sì tó tò. Látòkè.

Àwa náà ti wá ń wò ó látòkè báyìí, a ò sì nílò hẹlikópítà ààrẹ. Ẹni tó bá ní Google Earth lórí kọ̀ǹpútà, ó lè fa ọdún sẹ́yìn. A jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń fà á. Òrùlé páànù tó ti pupa fún ìpẹtà, tí wọ́n dì pọ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ fà á síwájú, ilẹ̀ lásán. Ẹ tún fà á, àwọ̀ ewé níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ẹ tún fà á, òrùlé ńláńlá mẹ́ta. Ìṣẹ́jú kan ló gbà wá láti wo ohun tó gba àwọn kan ní gbogbo ayé wọn. Ọ̀kan nínú wa ń wá ìsọ̀ tí àǹtí rẹ̀ ti ń ta aṣọ òkìrìkà. Kò rí i. Ó mọ̀ pé ó sún mọ́ òpó afárá kan, àmọ́ látòkè, òpó afárá kì í hàn.

Ní 2018, ọ̀gbẹlẹ̀ mú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ní Chatsworth, ilé ọlọ́lá kan níbẹ̀, koríko iwájú ilé gbẹ, ohun kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú rẹ̀: ìlà àti òbírí ọgbà kan tí wọ́n ṣe ní 1699, tí wọ́n ti gbin koríko bò mọ́lẹ̀ láti nǹkan bí 1730. Ó ti tó ọdún 280 tó ti wà lábẹ́ koríko, wọ́n sì fi dróònù yà á, gbogbo ayé rí i. Nígbà tá a kà á, ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú Òṣòdì ńkọ́? Kí ló máa hàn? Ọgbà ọlọ́lá ní ìpìlẹ̀ òkúta, ó ń dúró de ìrántí. Ìsọ̀ tí wọ́n fi igi mẹ́rin àti tápólì kọ́ ò ní ohun tó máa fi hàn nínú koríko. Àwọn tó ń tà níbẹ̀ nìkan ló mọ ààlà rẹ̀, wọ́n sì ń dàgbà.

Lóṣù tó kọjá, a lọ sí Òṣòdì torí ká lè wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ń pè ní Red Line, èyí tí Ààrẹ Tinúbú ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé 2024. Ibùdó rẹ̀ náà ní afárá tó gba orí ojú irin kọjá. A dúró lórí rẹ̀, a wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ti fi ògiri há ojú irin mọ́, kò sẹ́ni tó lè tẹ́ ata síbẹ̀ mọ́, ìyẹn dáa, torí eré tí ọkọ̀ yìí ń sá kì í ṣe ti àtijọ́. Lẹ́yìn ògiri, obìnrin kan ti tẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà sórí páálí.

A wọ dánfó padà sí Ìsọlọ̀. Ilé tí ọ̀kan nínú wa ń gbé ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì méjì, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ àbàtà kan tó wà létí kànáàlì, níbi tí àwọn kan ti ń gbin ẹ̀fọ́. Láti báńkóòní, èèyàn á rí gbogbo ebè wọn: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ebè gígùn tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró láàárín, igun rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Le Nôtre gan-an á dúró wò ó. A sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá tó ń bomi rin ín, garawa tó dá ihò sí lára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì. A bi í pé kí ló dé tí ìlà náà fi tọ́ tó báyìí. Ó wò wá bí ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ kó wí, ó ní bí ebè ò bá tọ́, àwọn á máa tẹ ẹ̀fọ́ mọ́lẹ̀ táwọn bá gbé omi kọjá. Kò tíì gun òkè wò ó rí. Ó béèrè bóyá a fẹ́ ra ṣọkọ, torí òun fẹ́ tètè lọ kírun. A ra ìdì mẹ́ta.